Ògiri Tó Lanu

Bàbá mi kì í kan ilẹ̀kùn bí èèyàn.
Ìka kan, ìdákẹ́, ìka mẹ́ta, ìdákẹ́,
títí ìyá mi á fi ké láti ilé ìdáná:
"Delbert, wọlé, ilé rẹ ni."

Áíówà ni wọ́n bí i sí, láàárín àgbàdo,
níbi tí òkun kò ti kọjá àwòrán ara ògiri ilé ìwé.
Ó rí bàlúù kan tó ń fọ́n oògùn kòkòrò sóko,
ó sá tẹ̀ lé e títí bàtà rẹ̀ fi já.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ọjọ́ náà ni òun gbaṣẹ́.

Iṣẹ́ náà nìyí, bó ṣe máa ń là á yé àlejò:
kí o gbé irin gbígbóná ka orí irin tó ń mì,
lóru, láàárín agbami,
kí ìkọ́ ìdí bàlúù mú okùn kẹta;
bí kò bá mú un, kí o ti fò lọ kí ẹ̀rù tó dé.
Igba ìgbà ó lé mọ́kànlá ni ó balẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ó fi pẹ́ńsù kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.
Èyí tó kẹ́yìn kò sí níbẹ̀.

Afárá kan ni wọ́n ní kó fọ́, ní Fiẹtinámù.
Ìbọn gé apá bàlúù,
ó já sínú oko ìrẹsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sẹ́yìn.
Ìyá arúgbó kan dúró lé e lórí pẹ̀lú ọkọ́.
Ó wò ó. Ó wo ìrẹsì rẹ̀ tó ti tẹ́.
Ó fi etí aṣọ nu ẹrẹ̀ kúrò nímú rẹ̀ kó lè mí,
kó tó pariwo pe àwọn ológun.
Nígbà mìíràn, bàbá á bi mí
bóyá mo rò pé ìyá náà ṣì wà láyé.

Ọdún mẹ́fà, oṣù mẹ́rin.
Ohun tí wọ́n fi okùn ṣe sí apá rẹ̀, kò sọ.
Èmi ni mò ń bá a mú ife tó wà lókè.
Lẹ́ẹ̀kan péré ló ní, "Mo fọwọ́ sí ìwé wọn,"
ó dìde, ó lọ gé koríko tó gé lánàá.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé aláǹgbá á wọlé bí ògiri bá lanu
kò tíì sùn ní àhámọ́ rí.
Ní òru kọkànlá lẹ́yìn ìwé náà, ògiri Hánọ́ì sọ̀rọ̀.
Ìlà márùn-ún, lẹ́tà márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan;
K kò ráyè, C ló ń ṣojú rẹ̀.
Orrin Pruett ni, ìhà kejì,
ẹni tí kò ní rí ojú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.
Ó kàn án díẹ̀díẹ̀: èmi náà fọwọ́ sí i.
Bàbá mi bú sẹ́kún, ọmọńlé sá.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń gbé inú ògiri.
Pruett, tó ń fò fún ọmọ ogun òfurufú, kò balẹ̀ lórí omi rí;
bàbá mi kọ́ ọ, òru lẹ́yìn òru,
ó ní ọ̀lẹ ní í balẹ̀ sórí ilẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́.
Pruett se ẹja fún un, láìsí ẹja.
Wọ́n sì ń ka orúkọ ọmọ fún ara wọn.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mí nígbà tó lọ.
Ní Kalifọ́níà, ọkùnrin gbígbẹ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.
Mo na ọwọ́ sí i bí ẹni ń kí dókítà.
Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, kò fà mí mọ́ra,
ó dúró dè mí. Ó tó ọdún kan.

Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n fún un ní ọ́fíìsì,
àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ní Pẹnsakólà.
Ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ó mú pẹ́ńsù, ó ṣí ìwé àtijọ́:
"Gbígbéra: ọ̀kan. Bíbalẹ̀: oko ìrẹsì ẹlòmíràn."

Kerstin ni orúkọ mi.
Lórí gbogbo káàdì ọjọ́ ìbí, Cerstin ló ń kọ.
Mi ò tún un ṣe rí.